Bí Yìnyín Náà Ṣe Nípọn Tó

Orúkọ tí àwọn òbí sọ ọkùnrin méjèèjì wà nínú ìwé ẹ̀rí wọn, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń fi pè wọ́n. Fẹ́lẹ́ ni wọ́n ń pe ọ̀kan, Nípọn ni wọ́n ń pe èkejì. Ẹni tí kò bá mọ ìdí ọ̀rọ̀ lè rò pé wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ni, torí Fẹ́lẹ́ gan-an ló sanra, Nípọn ló gbẹ bí igi ìdáná. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùpá kan ló fa orúkọ náà.

Òṣùpá ọ̀hún kì í ṣe èyí tí gbogbo wa ń rí. Ó jìnnà réré, níbi tí oòrùn ti kéré bí àtùpà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní òpin ọ̀nà. Pílánẹ́ẹ̀tì ràbàtà kan wà níbẹ̀, tí ayé wa yìí dà bí ẹ̀wà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ elégédé tí a bá gbé e sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ òṣùpá ló ń yí pílánẹ́ẹ̀tì náà po, ọ̀kan nínú wọn sì funfun báláú. Yìnyín ló bò ó látòkè délẹ̀, yìnyín tí òtútù ti sọ di líle bí àpáta. Ṣùgbọ́n lábẹ́ yìnyín yẹn, òkun wà. Pílánẹ́ẹ̀tì ńlá náà ń fa òṣùpá yìí mọ́ra, ó tún ń dẹwọ́, bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, ooru tó ń tìdí fífà yẹn jáde ni kò sì jẹ́ kí òkun náà dì. Níbi tí omi bá wà tí kò dì, ó ṣeé ṣe kí ohun ẹlẹ́mìí wà níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń ṣèwádìí nípa òṣùpá yẹn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọn ò fẹnu kò lé lórí ni bí yìnyín náà ṣe nípọn tó.

Fẹ́lẹ́ ní kò lè ju kìlómítà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Ó ní a lè rán ẹ̀rọ kan lọ tí yóò máa yọ́ yìnyín wọlé, kí àwọn tó wà láyé lónìí sì fojú ara wọn rí omi náà. Nípọn ní ó ju ogún kìlómítà lọ dáadáa, ó tilẹ̀ lè tó ọgbọ̀n, àti pé ẹni tó máa kan ẹ̀rọ tó lè la ìyẹn já, a kò tíì bí i.

Kí wọ́n tó gba orúkọ wọ̀nyí, kòríkòsùn ni wọ́n. Abẹ́ olùkọ́ kan náà ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́. Nípọn fi ọdún méjì ju Fẹ́lẹ́ lọ, òun ló sì mú un lọ sílé wọn ní ọjọ́ ìsinmi kan. Níbẹ̀ ni Fẹ́lẹ́ ti rí àbúrò Nípọn obìnrin tó ń kọ́ iṣẹ́ apòògùn nígbà náà, tí ó sì wá di ìyàwó rẹ̀. Báyìí ni ọ̀rẹ́ ṣe di àna. Ilé kan náà ni wọ́n ti ń jẹun lópin ọ̀sẹ̀, wọ́n á máa jiyàn lórí yìnyín títí oúnjẹ á fi tutù, ìyàwó á sì bi wọ́n bóyá òkun ọbẹ̀ orí tábìlì náà ni wọ́n fẹ́ kó dì.

Ibi ìpàdé ńlá kan ni nǹkan ti bàjẹ́. Nípọn ro ẹjọ́ tirẹ̀ tán, pẹ̀lú ìṣirò tó gún régé, ó jókòó, àwọn èèyàn sì pàtẹ́wọ́. Ó wá kan Fẹ́lẹ́. Bóyá àtẹ́wọ́ yẹn ló gún un lára ni o, bóyá èṣù ló ta sí i, kò mọ̀. Ó gbé ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Àwọn kan wà láàrin wa tí omi yẹn ń bà lẹ́rù. Wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni débẹ̀ lójú ayé wọn. Ìdí nìyẹn tí yìnyín tiwọn fi ń nípọn sí i lọ́dọọdún.”

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Nípọn kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Fẹ́lẹ́ rò ó pé òun á lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó sún un di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù, oṣù di ọdún. Nígbà tó yá, ìtìjú yẹn ti kan mọ́ ọn nínú, ó ti di ìbínú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀.

Láti ìgbà náà, inú ìwé ni wọ́n ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀kan á kọ ti tirẹ̀ jáde, èkejì á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Nípọn gba iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn. Akọ̀wé kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi ló sọ wọ́n ní Fẹ́lẹ́ àti Nípọn, orúkọ sì mọ́ wọn lára. Ìyàwó Fẹ́lẹ́ kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Ó sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn ọkùnrin méjèèjì máa lọ jà níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn kò tẹ̀ rí, pé nílé ayé níbí, ẹ̀gbọ́n òun ni ẹ̀gbọ́n òun, ọkọ òun ni ọkọ òun. Òun nìkan ló ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá lọ, kì í pẹ́ dé. Bó bá dé, ọkọ kì í béèrè àlàáfíà ẹni tó lọ kí, ṣùgbọ́n á wá nǹkan ṣe ní tòsí rẹ̀, á máa tún àga tí kò bàjẹ́ ṣe, kí ó lè gbọ́ ohun tó bá máa sọ. Nígbà tí ìyá obìnrin náà àti Nípọn kú, ọkùnrin méjèèjì gbé pósí náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì kíra wọn bí ẹni tó pàdé ní ojú ọ̀nà.

Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọ́n kan ọkọ̀ òfurufú kan, tí kò ní èèyàn nínú, tí yóò lọ sí òṣùpá yẹn láti parí ẹjọ́ náà. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tó ń rán ìgbì rédíò sínú yìnyín. Ìgbì náà á wọlé lọ, á kan ibi tí yìnyín ti pàdé omi, á sì padà sókè bí gbohùngbohùn nínú ihò àpáta. Bó bá tètè padà, yìnyín fẹ́lẹ́. Bó bá pẹ́, ó nípọn. Fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tó ń bójú tó ẹ̀rọ yìí. Wọ́n fi iṣẹ́ lọ Nípọn náà. Ó dá wọn lóhùn pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dúró sílé, òun á gbọ́ nígbà tí wọ́n bá débẹ̀. Gbogbo ayé gbà pé ẹ̀rù ìtìjú ló bà á.

Ọkọ̀ náà rìn títí, ó débẹ̀ láyọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ku díẹ̀ kó kọ́kọ́ gba ẹ̀bá òṣùpá náà kọjá ni àrùn rọpárọsẹ̀ da Nípọn dùbúlẹ̀. Ilé ìwẹ̀ ló ṣubú sí. Ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń gbé ní ìlú òkèèrè, torí náà àbúrò rẹ̀ ni ilé ìwòsàn pè. Ó gbàyè níbi iṣẹ́, ó di aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó sì lọ jókòó tì í. Apá ọ̀tún kò gbé mọ́, ẹnu ti ya sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí omi tó ń kán láti inú ẹ̀rọ tí kò fẹ́ ṣí. Dókítà sọ fún un pé orí aláìsàn pé, pé gbogbo ohun tí wọ́n bá ń sọ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n òmíràn lè dé lẹ́yìn èyí nígbàkigbà.

Fẹ́lẹ́ gbọ́ èyí lórí fóònù. Ó ní kí Ọlọ́run fún un ní àlàáfíà. Ìyàwó rẹ̀ dúró díẹ̀ bóyá yóò sọ òmíràn, nígbà tí kò sọ ọ́, ó ní ó dàárọ̀.

Yàrá tí wọ́n ti ń gba gbohùngbohùn náà kò tóbi. Ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ kò ṣeé dín kù nítorí àwọn kọ̀ǹpútà, nítorí náà súwẹ́tà ni gbogbo wọn ń wọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn níta. Obìnrin kan wà níbẹ̀, onímọ̀ ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́tí, torí òun ló mọ bí a ṣe ń ya ohùn tòótọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo. Nígbà tí àwòrán ìgbà àkọ́kọ́ jáde lójú kọ̀ǹpútà, ìlà kan tó mọ́lẹ̀ yọ nínú òkùnkùn yìnyín, kò jìn rárá. Ó tó kìlómítà mẹ́ta. Àwọn tó wà nínú yàrá dìde dúró. Ẹnìkan gbá Fẹ́lẹ́ lẹ́yìn. Fẹ́lẹ́ fi ọwọ́ di tábìlì mú.

“Ọ̀gá,” Ẹlẹ́tí wí, láìgbójú kúrò lára àwòrán, “ẹ má tíì yọ̀.”

Ó ní kí wọ́n fún òun láyè. Odindi ọjọ́ mélòó kan ló fi ń yẹ ìlà yẹn wò. Ó gbé àwòrán ojú òṣùpá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi hàn wọ́n pé níbi tí òkìtì yìnyín bá ti ga lókè lápá ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà, ibẹ̀ gan-an ni ìlà náà ń tẹ̀ sí. Àwọn òkìtì yẹn ló ń dá ìgbì padà láti ẹ̀gbẹ́. Kì í ṣe ìsàlẹ̀ ló ti wá. Ó mú un kúrò. Ohun tó kù lẹ́yìn rẹ̀, nísàlẹ̀ pátápátá, jẹ́ ìlà kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan, tó rọra ń rìn lọ láìtẹ̀ síbì kan, tí kò bá òkìtì kankan jọ ṣe pọ̀. Ọkọ̀ gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ìlà náà kò kúrò níbi tó wà. Kìlómítà mẹ́rìnlélógún.

Kò sẹ́ni tó wo ojú Fẹ́lẹ́. Wọ́n ń palẹ̀ ife tíì mọ́, wọ́n ń wá kọ́kọ́rọ́ tí kò sọnù. Ìgbà tí gbogbo wọn lọ tán ló tó jókòó. Kì í ṣe pé ó ń wá bóun ṣe lè jiyàn rẹ̀, torí ó mọ iṣẹ́ Ẹlẹ́tí, ó sì mọ̀ pé bí òun bá wà nípò rẹ̀, ohun tó ṣe náà lòun ì bá ṣe. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni àwọn ọdún yẹn. Ó ti bá omi náà gbé bí ẹni tó ń gbé létí odò. Ó ti ń fọkàn rí ẹ̀rọ tó ń wọlé, ó ti rí iná rẹ̀ tó tàn lórí omi tí oòrùn kò rí rí. Ó ti ń sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ láti kékeré pé gbogbo wọn ni yóò jọ wò ó. Ní ọ̀sán kan ṣoṣo, omi náà sún sẹ́yìn, ó lọ síbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó.

Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta títí wọn yóò fi tún un yẹ̀ wò délẹ̀. Ìyẹn lè gba oṣù mélòó kan. Bí ìyàwó rẹ̀ ṣe pè lálẹ́ ọjọ́ náà tó sọ pé ara ẹ̀gbọ́n òun kò le, ọkàn Fẹ́lẹ́ sọ nǹkan kan fún un tó tì í lójú. Ó sọ fún un pé bí òun bá ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí òun tẹ̀lé òfin, ọkùnrin yẹn lè lọ láìgbọ́. Kò sẹ́ni tó máa bi òun. Ó bá ìyàwó rẹ̀ sọ ti owó iná àti ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Kò sùn dáadáa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Ẹlẹ́tí, ó ní òun fẹ́ lọ sọ ọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹlẹ́tí mọ ẹni náà. Ó ní òun ti ń retí kó béèrè, òun sì ti tẹ àwòrán kan sórí ìwé fún un.

Ọ̀sán ni ó dé ilé ìwòsàn. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn yàrá náà. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó dìde lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì lọ dúró létí fèrèsé. Nípọn sùn rọ̀gbọ̀kú lórí ìrọ̀rí méjì. Ó ti rù ju bí Fẹ́lẹ́ ṣe rò lọ. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò yí padà, ó ń wò ó bó ṣe máa ń wo ìṣirò.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú,” Fẹ́lẹ́ wí. Ó ti ro ọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. “Ẹ̀yin lẹ jàre. Ó nípọn. Kìlómítà mẹ́rìnlélógún ni níbi tí a ti wọ̀n ọ́n. Mo ní kí n fúnra mi wá sọ fún yín.”

Ó tẹ́ àwòrán náà sórí aṣọ ìbora. Nípọn wò ó fún ìgbà pípẹ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ tí kò ní ìmọ̀lára mọ́, kò sì nù ún. Fẹ́lẹ́ rò pé omijé ayọ̀ ni. Ó tẹríba, ó ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀, pé ayọ̀ náà tọ́ sí i.

Nípọn mi orí. “Ó... dùn mí,” ó wí.

“Kí ló ń dùn yín, Ẹ̀gbọ́n mi?” ni àbúrò rẹ̀ béèrè. “Ṣé kí n pe nọ́ọ̀sì?”

Ó tún mi orí. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó fi kan ìlà tó wà nísàlẹ̀ àwòrán náà. “Mo fẹ́... kó jẹ́ ìwọ... lo jàre.”

Fẹ́lẹ́ kò gbọ́ ọ yé. Ó ní ṣebí òun ni Ẹ̀gbọ́n ti ń bá jà láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

“Ìṣirò ló sọ ọ́,” Nípọn wí. “Èmi kọ́. Ta ni... kò fẹ́... rí omi yẹn?”

Ó gba àkókò kó tó sọ ìyókù, àbúrò rẹ̀ ló sì ń bá a parí ọ̀rọ̀ níbi tí ahọ́n bá ti kọ̀. Ó ní lọ́dọọdún ni òun ń tún gbogbo ìṣirò náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, òun ń wá ibi tí òun ti ṣì í. Ó ní òun a máa rò pé bí òun bá rí àṣìṣe kan ṣoṣo, yìnyín náà á fẹ́lẹ́, òun á sì lọ kí ọkọ àbúrò òun nílé pẹ̀lú ẹ̀rín. Àmọ́ bí òun bá ṣe ń wá a tó, bẹ́ẹ̀ ni yìnyín náà ń nípọn sí i. Nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ lọ òun lórí ọkọ̀ náà, òun kọ̀ ọ́ nítorí òun kò fẹ́ kó jẹ́ ọwọ́ òun ni yóò ti ọ̀nà omi náà pa.

Fẹ́lẹ́ di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Gbogbo ọjọ́ ìpàdé yẹn dìde níwájú rẹ̀, ẹ̀rín inú gbọ̀ngàn, àti ọkùnrin tó jókòó tó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí...”

“Mo gbọ́ ọ,” Nípọn wí. “Jókòó.”

Ó jókòó. Lẹ́yìn náà ni Nípọn fi ìka kan àwòrán náà, ó béèrè nípa òkìtì ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Fẹ́lẹ́ ní wọ́n ti yọ ìyẹn kúrò, ó sì ṣàlàyé bí Ẹlẹ́tí ṣe ṣe é. Nípọn ní iyọ̀ ńkọ́, ṣé iyọ̀ inú yìnyín kò lè ṣì wọ́n lọ́nà? Fẹ́lẹ́ ní bí iyọ̀ bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, wọn ò ní rí ìlà kankan rárá. Nípọn ní ibi tí yìnyín ti là ńkọ́, lápá gúúsù, níbi tó ti jẹ́ tuntun? Fẹ́lẹ́ ní òun kò rò pé nǹkan máa yàtọ̀ níbẹ̀.

“O ò... tíì débẹ̀,” Nípọn wí, ojú rẹ̀ sì le. “Má... sọ ohun... tí o ò tíì rí.”

Ìyàwó Fẹ́lẹ́ ti ń fi etí aṣọ nu ojú létí fèrèsé. Ó yíjú padà sí wọn. “Ẹ wá gbọ́ o,” ó wí, “wọ́n ti pààrọ̀ ẹjọ́.” Ẹ̀rín sì mú un pẹ̀lú ẹkún lẹ́ẹ̀kan náà, títí ó fi ní láti jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí Fẹ́lẹ́ kì í lọ síbẹ̀. Nígbàkigbà tí ọkọ̀ bá gba ibi tuntun kọjá, á mú àwòrán rẹ̀ lọ, Nípọn á sì jà fún yìnyín fẹ́lẹ́ bí agbẹjọ́rò tó gba ẹjọ́ aláìní. Apá gúúsù nípọn. Ibi tó là nípọn. Ibi kan wà tí ìlà rẹ̀ kò hàn dáadáa, ìyẹn ni wọ́n sì lo ọ̀pọ̀ ọ̀sán lé lórí. Nígbà tí àkókò tó láti kéde rẹ̀ fún aráyé, Fẹ́lẹ́ ló dúró síwájú gbọ̀ngàn tó kún. Ó fi orúkọ àna rẹ̀ síwájú tirẹ̀. Ó ní òun ṣì í, àti pé ẹni tó jàre kò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, ó jẹ́ kí wọ́n rín in tán, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Nípọn ń wò ó láti ilé ìwòsàn lórí fóònù àbúrò rẹ̀. Obìnrin náà ní kò gbà kí òun gbé fóònù náà kúrò títí wọ́n fi pa iná gbọ̀ngàn.

Nípọn kò la ọdún yẹn já. Òmíràn tí dókítà ń bẹ̀rù ló dé, ní àárọ̀ kan tí òjò ń rọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti òkèèrè, wọ́n sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wọn. Ìyàwó Fẹ́lẹ́ ló sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun jẹ́ ẹni tó lè sọ ohun tí kò wù ú, bó bá ti jẹ́ òótọ́.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí Fẹ́lẹ́ fẹ̀yìn tì, àwọn kan nílé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀rọ tí yóò wọ yìnyín tó nípọn. Wọ́n ní ó lè gba ìran kan gbáko kó tó ṣeé rán lọ, bó bá sì débẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún ni yóò lò nínú yìnyín kó tó kan omi. Fẹ́lẹ́ lọ bá wọn, ó ní kí wọ́n fún òun níṣẹ́ tí wọ́n bá rí. Ojú tì wọ́n láti fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀ níṣẹ́ kékeré, ó ní kí wọ́n má jẹ́ kí ojú tì wọ́n.

Nílé, ìyàwó rẹ̀ bi í bóyá ó mọ̀ pé àwọn méjèèjì kò ní sí láyé nígbà náà.

“Mo mọ̀,” ó wí.

Obìnrin náà wọlé lọ mú súwẹ́tà ọkọ rẹ̀ tó nípọn jù lọ wá, torí ó ti gbọ́ pé yàrá tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ náà wò tutù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Wọ́n ti ṣe òpó yìnyín kan síbẹ̀ tó ga tó ilé alájà kan, wọ́n sì jẹ́ kí òtútù mú un títí ó fi le bí òkúta. Ẹnu ẹ̀rọ náà gbóná, ó dúró lórí rẹ̀ ní òró. Iṣẹ́ Fẹ́lẹ́ ni kó máa ṣọ́ ọ, kó sì máa wọ̀n ọ́n. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó gun àkàbà, ó fi àtàǹpàkò wọn ihò náà, ó sì bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ bi í báwo ló ṣe rí. Ó ní ó ń wọlé.